Ẹsẹ̀ Mi Kì Í Ṣe Ariwo

Ọ̀gbẹ́ni Varnado, olóòtú ètò orin búlúùsì, ẹ kú iṣẹ́ o. Inú ló bí mi tí mo fi kọ̀wé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ń kà á lórí rédíò, ẹ má dárúkọ mi, torí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mi ní Greenwood níbí kò mọ̀ pé mo lọ́wọ́ nínú orin ilé ọtí rí.

Ní Sátidé, ẹ gbé àwo ọkọ mi olóògbé, Hosea tó ń fọn fèrè hamóníkà, sáfẹ́fẹ́, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gbé jáde. Níbi tí fèrè ti dákẹ́, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Èémí ti tán nínú bàbá yìí!"

Èémí kankan kò tán o! Lọ́jọ́ tí wọ́n gba orin yẹn sílẹ̀, onílù ò wá. Hosea ní, "Ìyàwó, bọ́ sórí pákó yìí, kí o máa fi bàtà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ dá mi lóhùn." Tó bá ti dákẹ́, ẹsẹ̀ mi á fèsì.

Mo pe ọmọkùnrin tó tún àwo náà ṣe. Ó ní, "Mama, ariwo kan ló wà lábẹ́ ẹ̀, a ti bá yín yọ ọ́."

Mo ní, "Ariwo wo? Ẹsẹ̀ mi nìyẹn, ìwọ ọmọ yìí!"

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi dá sí i: ẹni tó ń dá ọkọ ẹ̀ lóhùn, ṣé ariwo ni?

Ọ̀gbẹ́ni Varnado, mo ti yí ọkàn padà. Ẹ dárúkọ mi, kí ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́. Arzula ni mí. Èmi ni mo ni ẹsẹ̀ náà.