Ọmọ Tí Kò Padà Nínú Àlọ́

Sátidé, Oṣù Kejìlá, 1959

Mo mú Ìyá lọ wo tẹlifíṣàn nílé ọ̀gá mi ní Bajulaiye. Àlọ́ ọmọbìnrin tó lọ sí ìlú abẹ́ omi ni wọ́n ṣe, èyí tí Ìyá máa ń pa fún wa. Ṣùgbọ́n nínú tiwọn, ọmọ náà kò padà. Ìyá rẹ̀ kò sunkún; ó kàn ń ká aṣọ ọmọ náà, ó tún ń tú u. Wọ́n mọ eré ṣe!

Mo yíjú wo Ìyá. Ọ̀sà ló gbé Ẹ̀bùn, àbúrò mi, lọ.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Jókòó. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn."

Lójú ọ̀nà, Ìyá dárúkọ Ẹ̀bùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́fà. Wọ́n ní ẹ̀rín rẹ̀ jọ tèmi.