Nípa Ekòló Inú Agolo Tí O Kọ Sínú Àròkọ Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà nínú yàrá rẹ ọ̀hún, ṣé o sì ń rí oorun sùn? Àwa náà wà, à ń mí, à ń jẹun. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ ti fúyẹ́, atẹ́gùn sì ti ká páànù kan lórí ṣọ́ọ̀bù mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi bẹ́ẹ̀ sí iṣẹ́ níbẹ̀ tí òjò lè bà jẹ́. Ẹni tó mú wa rí òní kò ní já ọ̀kankan nínú wa sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Àròkọ rẹ tẹ̀ wá lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ajé. Obìnrin tó ń bá wa tẹ̀wé ló rí i nínú fóònù rẹ̀, tó tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé mẹ́ta. Ó ní o ní kí n kà á, kí n sì fàlà sábẹ́ ibi tí kò bá yé mi, torí o fẹ́ fi díje, àwọn tó ń fúnni lẹ́bùn níbẹ̀ sì fẹ́ kó yé ẹni tí kò kẹ́kọ̀ọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí. Ó tún ní ọjọ́ Ẹtì ni wọn ó ti ìlẹ̀kùn, àti pé ẹni tí ìwé ẹ̀rí ọ̀mọ̀wé rẹ̀ bá ti lé lọ́dún méjì kò lè bá wọn dá sí i mọ́, tìrẹ yóò sì pé ọdún méjì níparí oṣù yìí. Ìyẹn bà mí nínú jẹ́ díẹ̀. Ọdún mẹ́jọ lo fi wá ìwé yẹn, mi ò mọ̀ pé ó ní ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ bí oògùn inú páálí. Bí ọ́fíìsì kan bá wà tí wọ́n ti ń sọ ọ́ dọ̀tun, bí àwọn awakọ̀ ṣe ń ṣe láìsẹ́ǹsì wọn, tètè lọ kí èrò tó pọ̀.

Níwọ̀n bó ti jẹ́ ìdíje, mo mọ̀ pé bí èmi bá dá ẹjọ́ rẹ̀, màá gbè ọ́. Ni mo bá kó adájọ́ mẹ́ta jọ, bíríkìlà tó mọ ògiri wa, télọ̀ ọ̀kánkán wa, àti nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn inú ṣọ́ọ̀bù, mo dúró níwájú wọn, mo kà á sókè ketekete. Ìyá rẹ ń ká aṣọ lẹ́nu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó pè é sí ìgbìmọ̀.

Ó dùn létí. O ní nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, ọkọ́ mi gé ekòló kan sí méjì lẹ́yìn ilé, o sunkún títí, o gbé apá ìrù rẹ̀ sínú agolo mílíìkì, o bu iyẹ̀pẹ̀ sí i, odindi ọjọ́ mẹ́sàn-án ló sì fi ń yíra lójú rẹ. Bíríkìlà ní òun rántí agolo náà, pé o kò jẹ́ kí òun fi bu sìmẹ́ǹtì. O ní agolo yẹn ló gbé ọ dé yunifásítì. O ní nínú gbogbo ekòló tí o gé sínú ìgò níbẹ̀, apá orí a máa yè nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n apá ìrù kankan kò yè rí, àti pé títí dòní o kò mọ ohun tí ti inú agolo ní tí àwọn yòókù kò ní. Ibẹ̀ lo parí rẹ̀ sí. Nọ́ọ̀sì yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

Ìgbà yẹn ni ìyá rẹ gbé aṣọ sílẹ̀, tó bi mí pé ṣé bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn lóòótọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ọjọ́ kejì ni ekòló yẹn ti kú. Ó ní òun ṣí agolo wò kí o tó jí, ó ti gan, òun sì rò ó pé bí o bá rí i, ẹkún ọjọ́ náà kò ní tán, ni òun bá dà á nù, òun hú òmíràn tó kéré létí balùwẹ̀, òun fi rọ́pò rẹ̀. Àràárọ̀ ni òun ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà, èyí tó bá ti kú, òun á pààrọ̀ rẹ̀, nítorí omi tí o ń dà sí i ti pọ̀ jù. Lọ́jọ́ kẹwàá, òun lọ kí ẹ̀gbọ́n òun tó bímọ, òun kò ráyè.

Nígbà tó yá, àwọn adájọ́ fẹnu kò pé ìyá rẹ ló gba ipò kìn-ín-ní, ìwọ gba ipò kejì. Ẹ̀yin méjì péré lẹ díje, nítorí náà má jẹ́ kó dùn ọ́ jù. Bíríkìlà ní tìrẹ gún régé, àmọ́ ti ìyá rẹ ló dáhùn ìbéèrè.

Ìyá rẹ kò yọ̀ o. Kò jẹun dáadáa láti ọjọ́ Ajé. Ó ní irọ́ òun ló rán ọmọ òun níṣẹ́ ọdún mẹ́jọ, ó sì bẹ̀ mí pé kí n má kọ ìwé yìí, kí àròkọ náà máa lọ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò mọ̀. Mo rò ó fún ọjọ́ méjì. Ṣùgbọ́n mo ti fi ọ̀dà bo ibi tí kòkòrò jẹ lára àga rí, ẹni tó rà á lọ́wọ́ mi ṣì ń tiro. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún ọ pé ekòló yẹn kò yè. Ìgò rẹ ló ń sọ òótọ́, agolo ló purọ́. Tún ìparí rẹ̀ kọ kí ọjọ́ Ẹtì tó pé, kí o sì fi ìyá rẹ sínú rẹ̀.

Mo ti ṣèlérí lórúkọ rẹ pé ẹni tó bá gbapò kìn-ín-ní yóò gbẹ̀bùn, torí náà fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ. Bó bá ṣẹ́ kù, rántí páànù. Kí o sì pè é, òun ni kí o pè, kì í ṣe èmi. Obìnrin tó ń tẹ̀wé ní òun ó ya fọ́tò lẹ́tà yìí, yóò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ó tún ní kí n mú ìwé náà lọ sílé, mi ò wá mọ èwo nínú méjèèjì ló lọ.

Bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu. Gbogbo ibi tí o bá forí lé, ilẹ̀ yóò lanu fún ọ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní jẹ́ àṣedànù, àwọn adájọ́ tòótọ́ yóò sì gbọ́ ohùn rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ, káfíńtà.

Ìyá rẹ ní kí n fi èyí kún un, torí ó mọ̀ pé o fẹ́ràn kí iye pé. Ó ní ekòló mẹ́fà ni òun fi rọ́pò. Mẹ́rin lo ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, méjì gbìyànjú, wọ́n lo ọjọ́ méjì méjì. Ó ní kò sí èyí tí òun gé nínú wọn.