Ìwé tí Láwàlì fọwọ́ sí

Mọ́ṣúdù àbúrò mi,

Ẹ kú òtútù Amẹ́ríkà, ìwọ, ìyàwó àti àwọn ọmọ. Orúnkún Ìyá wa ti fúyẹ́ díẹ̀.

Mọ́tò tí o fi ránṣẹ́ ń rú èéfín dúdú, ó sì ń mu epo jù. Láwàlì, mẹkáníìkì Ìbarà, ní ẹ́ńjìnnì ti kú, òun á ra mọ́tò náà bí irin pàǹtí. Mo ní, "Kọ ọ́ sílẹ̀." Ó kọ ọ́, ó fọwọ́ sí i.

Mẹkáníìkì kan ní Ewékorò yọ wáyà ohun kékeré tó ń díwọ̀n afẹ́fẹ́ nínú páìpù èéfín, èéfín sì dínkù lójú mi. Ohun kékeré yẹn nìkan ló bàjẹ́.

Fi tuntun ránṣẹ́ kí ẹgbẹ́ mẹkáníìkì tó ṣèpàdé lóṣù tó ń bọ̀. Màá wa mọ́tò náà débẹ̀, Láwàlì á sì ka ìwé rẹ̀ sétí gbogbo wọn.

Ọlọ́hun á ṣọ́ yín. Má sọ fún Ìyá o. Wọn á ní kí n dárí jì í.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Bùsírátù