Ìwọ Kò Tíì Kú, Wọ́n Ti Ń Pín Ilé Rẹ

Ìjẹ̀bú-Imusin,
Ọjọ́ Jímọ̀.

Abdulbasit, ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé ara sì le? Ọba tó dá ọ sí di òní kò ní í jẹ́ kí ojú tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ, àmín. Èmi náà wà, orúnkún ló kàn ń dà mí láàmú, adìẹ funfun yẹn sì ti pamọ. Ǹ bá pè ọ́ lórí fóònù, àmọ́ bí mo bá ti pè báyìí, wàá ní o wà ní mítíìnì. Lẹ́tà kò mọ mítíìnì, jọ̀wọ́ kà á tán.

Ọ̀rọ̀ ìwọ àti Sàúdátù ìyàwó rẹ ló sú mi. O ní ẹ ti wà ní kóòtù, ẹ fẹ́ kọ ara yín sílẹ̀, ìyẹn sì ti dùn mí tó. Àmọ́ o tún ní adájọ́ máa pín ilé tí mò ń gbé yìí sí méjì fún ẹ̀yin méjèèjì. Abdulbasit, ta ló kú? Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ẹni tó bá kú ni mo mọ̀ pé wọ́n ń pín ẹrù rẹ̀. Mo kàn sọ fún Ìyá Usamah tó ń ta epo ní ọ̀ọ́kán wa pé wọ́n ń pín ẹrù ọmọ mi ní Èkó, mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí oòrùn tó yọ lọ́jọ́ kejì, èrò ti kún ojúde wa, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń ní kí Ọlọ́run tẹ́ ọ sí afẹ́fẹ́ rere. Lémọ́mù dé, ó ń bi mí pé ọjọ́ wo la máa ṣe fìdáù. Mo ní ọmọ mi ò kú, wọ́n ní kí n ṣe ọkàn akin, kí n gba kádàrá. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ tiẹ̀ ti ń wádìí ẹni tó máa gba mọ́tò rẹ. Mo sì ní láti se ìkọ́kọrẹ́ fún wọn, nítorí a kì í jẹ́ kí ẹni tó wá báni kẹ́dùn pa dà lébi, bí kò tilẹ̀ sí òkú.

Orí ìjókòó yẹn ni wọ́n wà tí ọkùnrin tí kóòtù rán fi dé, Ọ̀gbẹ́ni Harold, ó ní òun wá wọn ilé. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ó fẹ́ wọn nǹkan, ẹkún tún sọ, wọ́n rò pé sàréè ni. Kò mú okùn kankan dání o. Ó kàn fi ẹ̀rọ kékeré kan tan iná pupa róbótó sára ògiri, ó ní òun ti mọ bó ṣe gùn tó. Ibi tí iná yẹn bà sí, òkè ibùsùn mi gan-an ni, mo sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n máa gbà la ilé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí ó sì sọ fún mi ọ̀dọ̀ ta ni kànga máa bọ́ sí. Ó ní orí ìwé ni wọ́n ti máa pín in, wọn ò ní fọwọ́ kan búlọ́ọ̀kù kankan. Ẹran tí wọ́n bá pín lórí ìwé, ta ló máa rí i jẹ? Mo ti gbé ibùsùn mi kúrò níbẹ̀.

Àárín ariwo yìí ni ohùn tí o fi ránṣẹ́ wọlé sórí fóònù. Mo tẹ̀ ẹ́, mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ló bá ń ké bí ẹ̀rọ mọ́sáláṣí. Àwọn kan sá lọ, wọ́n ní òkú ń sọ̀rọ̀. Àwọn tó kù gbọ́ ohun tí o sọ, pé bí ẹni tí kóòtù rán bá bi mí, kí n ní Sàúdátù ò dá nǹkan kan sí ilé yìí. Harold náà gbọ́. Gbogbo wọn wá ń wo ẹnu mi. Ojú tì mí, Abdulbasit, ojú tì mí gan-an.

Mo sọ òótọ́ fún Harold. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ, tí koríko ń hù nínú ilé tí kò ní òrùlé, wúrà sàdáákì ìgbéyàwó Sàúdátù ló tà tó fi ra páànù. Má sọ pé ìwọ lo fún un ní wúrà náà. Ohun tí ọkùnrin bá ti fi ṣe sàdáákì, ti obìnrin ni, Lémọ́mù náà wà níbẹ̀, ó sì sọ bẹ́ẹ̀. Òjò tó rọ̀ lánàá, kò kán sí mi lára. Ṣé kí n wá jókòó sábẹ́ páànù ẹni ẹlẹ́ni kí n ní kò ra nǹkan kan?

Bínú bí o bá fẹ́, àmọ́ fi owó ránṣẹ́. Iṣu ewùrà mi ti tán sínú òkú tí kò kú yìí, oògùn orúnkún náà sì ti tán. Kí o sì wá fúnra rẹ, ní ọ̀sán gangan, kí gbogbo ìlú fojú rí ọ.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ. Kò ní í gba iṣẹ́ rere lọ́wọ́ rẹ. Ibikíbi tí o bá ti làágùn, níwájú ẹnikẹ́ni, o ò ní í rí ìyá tó máa sọ pé o ò ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mùtíátù.