Ẹni Tó Di Sípánà Mú Náà Ní Ojú

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìfaraalẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Pápá Àjàó níbí. Ẹ bá mi kí Màmá, ẹ ní mo ń jẹun dáadáa. Mo kí Díákónì, tó ti ń ka gbogbo lẹ́tà mi fún yín láti ìgbà tí mo ti dé Èkó. Èyí tí Díákónì mú dání yìí, inú ìwé ìròyìn ni mo ní kí àwọn oníwèé ìròyìn tẹ̀ ẹ́ sí, torí kì í ṣe èmi nìkan ni ọmọ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Òjò ń rọ̀ ní Mushin wa níbí bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Bàtà mi á wà lọ́wọ́ kí n tó la ẹrẹ̀ já dé ibi tí mo ti ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé ẹ̀kọ́ ní Yábà. Nínú gbogbo àwa tí wọ́n ń kọ́ níṣẹ́ iná mànàmáná, èmi nìkan ni obìnrin. Ẹ ò ní gba ohun tó kọ́kọ́ pa mí lẹ́kún gbọ́: ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Ti ọkùnrin nìkan ló wà níbi tí a ti ń ṣiṣẹ́. Mo ní láti la pápá kọjá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ́ tàípù, kí n tó padà dé, olùkọ́ á ti nu ohun tó kọ sójú pátákó. Mo wá ń fara da òùngbẹ láti àárọ̀ dọ̀sán.

N ò rojọ́ o. Ẹ̀yin lẹ gbé sípánà lé mi lọ́wọ́ nígbà tí àwọn ará àdúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń bèèrè ohun tí ọmọbìnrin ń wá nídìí kẹ̀kẹ́ tó bàjẹ́. Òfin kan ṣoṣo lẹ fún mi: bí ọ̀gá bá ń ṣiṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ á di sípánà mú, á panu mọ́. Mo gbé òfin yẹn wá sí Èkó bí mo ṣe gbé àpótí mi wá. Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nílé ìwé.

Wọ́n pín wa ní méjì-méjì. Ẹ̀gbọ́n Làmídì ni wọ́n so mí pọ̀ mọ́. Ó ja ogun abẹ́lé títí ogun fi parí kó tó wá jókòó sí kíláàsì pẹ̀lú wa. Èèyàn dáadáa ni, kì í pè mí ní ìyàwó wa bíi ti àwọn tó kù. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní ká so wáyà mọ́ ẹ́ńjìnnì kan tí iná ń yí. Ẹ̀gbọ́n ń so ó, èmi di sípánà mú. Mo rí i kedere, Bàbá, pé ó ti gbé wáyà méjì síbi tí kò yẹ. Ọ̀rọ̀ dé ètè mi, mo gbé e mì. Ta ni mí tí màá tọ́ àgbà sọ́nà? Ó tan iná, ẹ́ńjìnnì ké lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́, èéfín bo gbogbo wa.

Olùkọ́ kò bèèrè ẹni tó so wáyà. Èmi ló nàka sí. Ó ní òun ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé iná kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin, pé lọ́jọ́ Mọ́ńdè òun á fi ìwé ránṣẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ àwọn oní-tàípù. Mo wo Ẹ̀gbọ́n Làmídì, ó ń wolẹ̀. Èmi náà wolẹ̀.

Mo lọ dá sípánà padà fún Àǹtí Rẹ̀mí tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ irinṣẹ́ wa, omijé ń bọ́ lójú mi. Kò rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó ní ìwé ẹ̀rí kan náà tí olùkọ́ wa ní lòun náà ní, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi òun sí sítọ́ọ̀, òun dákẹ́, torí àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọdún kẹsàn-án rèé tí òun ń ka sípánà. Ó ní kí n má dákẹ́ bíi tòun o.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, mo dìde ní kíláàsì. Mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún Ẹ̀gbọ́n Làmídì, mo ní kó má bínú, pé ilé wa kò kọ́ mi ní àfojúdi. Lẹ́yìn náà ni mo sọ wáyà tó ṣì gbé. Ẹ̀gbọ́n dìde, ó ní òótọ́ ni, òun lòun so ó, ìtìjú ni kò jẹ́ kí òun jẹ́wọ́. Ó wá yíjú sí mi, ó bi mí pé ṣé mo rí i, mo sì fẹ́ kí iná pa òun ni? Ìyẹn dùn mí ju ọ̀rọ̀ olùkọ́ lọ. Èmi rò pé ọ̀wọ̀ ni mo bù fún un.

Olùkọ́ ní kí n so òmíràn, èmi nìkan. Mo so ó, ó ń yí geere bíi táyà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe. Kò yìn mí, ó kàn fa ìwé tó kọ ya. Mo ṣì wà ní kíláàsì. Àǹtí Rẹ̀mí ṣì wà ní sítọ́ọ̀, ìyẹn ò sì jẹ́ kí inú mi dùn tán.

Bàbá, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí mo bá dé ní ọlidé, màá tún di sípánà mú fún yín. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí i pé ọwọ́ yín fẹ́ ṣìnà, ẹ gbà mí láyè kí n wí.

Díákónì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má dá kíkà dúró níbí. Ẹ rántí ọjọ́ tí bíréèkì kẹ̀kẹ́ yín tú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọjà, tí ẹ ṣubú, tí ẹ sì ń tiro títí dòní. Ẹ ní iṣẹ́ Sátánì ni. Bàbá ní irin ló gbó. Nọ́ọ̀tì ni, sà. Bàbá gbàgbé láti fún un le nígbà tí wọ́n ń tún kẹ̀kẹ́ yín ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà. Mo rí i, sípánà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ dárí jì mí, ẹ̀yin méjèèjì. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kí ẹ jẹ èrè iṣẹ́ yín lára wa. Mo kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọmọ yín,
Àṣàbí