Ìka Ẹsẹ̀ Mi Ló Gbé Mi Dé Ọ̀nà Èkó

Ẹ̀yin tó ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹsẹ̀ ni mo fi jalè. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná, lẹ́yìn náà kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn... Àwa mẹ́rin la jọ ń ṣe ẹgbẹ́ jáàsì níbí ní Ẹdẹ. Èmi àti ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ akọ̀wé ní sitéṣọ̀n rélùwéè là ń fọn fèrè, ẹnì kan ń ta bánjò, ẹnì kan ń lu ìlù. Ẹ̀gbọ́n yìí ló kọ́ mi, torí kí n tó mọ̀ wọ́n, bí ewúrẹ́ tó já sí kòtò ni fèrè ń ké lẹ́nu mi. Nígbà tí òyìnbó ọ̀gá wọn ń re ilé, ó fi igi gọ́ọ̀fù rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, ni gbogbo wa bá kó wọ eré òyìnbó. Oko kan tó ti ṣá lọ́nà Alájùé là ń lò, a ri agolo mẹ́fà mọ́lẹ̀, a ó máa fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré sínú wọn, ẹni tí iye ìgbà tó gbá a kó tó wọlé bá kéré jù ló borí. Àwọn àgbẹ̀ tó ń kọjá a máa bi wá pé kí la sọ nù. Inú mi máa ń dùn nígbà yẹn.

Afọnfèrè méjì kì í dúró síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, la bá fi ṣe òfin pé ẹni tó bá borí nídìí gọ́ọ̀fù ló máa síwájú níbi ijó tó bá tẹ̀ lé e, èkejì á máa gbè é. Kò jẹ́ ká jà rí. Àfìgbà tí a gbọ́ pé ẹgbẹ́ kan l'Ékòó ń wá afọnfèrè kan ṣoṣo, pé ọ̀gá wọn ń bọ̀ wá wo ijó wa... Lọ́jọ́ tí a gbá gọ́ọ̀fù tó máa yan ẹni tó máa síwájú lójú ọ̀gá náà, ọ̀mì ni èmi àti Ẹ̀gbọ́n títí dé agolo ìkẹyìn, ni bọ́ọ̀lù mi bá há sídìí ebè àtijọ́ kan. Ibi tó bá wà la gbọdọ̀ ti gbá a, ọwọ́ ò gbọdọ̀ kàn án. Ọwọ́ mi ò kàn án o. A kì í wọ bàtà síbẹ̀, torí bàtà kan ṣoṣo tá a ní, ti ijó ni. Ìka ẹsẹ̀ ni mo fi fà á bọ́ sí ibi tó tẹ́jú. Ẹ̀gbọ́n dé, wọ́n wo bọ́ọ̀lù, wọ́n wo ebè, wọ́n fi àtẹ́lẹsẹ̀ tiwọn pa ilà tó wà nílẹ̀ níbẹ̀ rẹ́, wọ́n ní kí n gbá a. Mo gbá a. Ó wọlé.

Mo síwájú níbi ijó, mo fọn ún, ọ̀gá Èkó ní èmi lòun ń mú lọ. Ìyá mi jó. Èmi? Kò dùn mọ́ mi, kò dùn mí... bí apá tí èèyàn sùn lé ni gbogbo ara mi rí. Àná ni Ẹ̀gbọ́n wá sílé wa, wọ́n yọ ẹnu fèrè wọn, èyí tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ètè kàn, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, “Ètè rẹ ni kó o máa tọ́jú l'Ékòó. Wọn kì í fi ẹsẹ̀ fọn fèrè.” Wọ́n mu omi, wọ́n kí ìyá mi, wọ́n lọ.

Ṣé wọ́n ti rí i láti ọjọ́ yẹn ni? Kí ló dé tí wọn ò sọ? Ṣé wọ́n ti dárí jì mí ni, àbí wọ́n ń dúró dè mí? Báwo lèèyàn ṣe ń jẹ́wọ́ fún ẹni tó ti mọ̀? Tí mo bá sọ ọ́ síta, ojú á ti ìyá mi, Èkó á bọ́... tí mi ò bá sì sọ ọ́, mo ti gbé ẹnu fèrè náà sẹ́nu lẹ́ẹ̀mẹta, ètè mi ò mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Mi ò tiẹ̀ lè sunkún.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni rélùwéè máa ń gbé ìwé ìròyìn yín wọ Ẹdẹ. Tó bá ń padà lọ sí Èkó lọ́sẹ̀ tí ẹ bá tẹ ìwé mi yìí, èmi náà ló máa gbé. Ẹ̀gbọ́n ló ń gé tíkẹ́ẹ̀tì lójú fèrèsé sitéṣọ̀n. Ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá dé iwájú wọn, tí wọ́n bi mí pé níbo ni mò ń lọ, kí ni kí n wí?