Ohun Tí Itọ́ Bàbá Rẹ Sọ

Kilfarna, Mayo,
Ọjọ́ kẹta, oṣù kọkànlá.

Dervla ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà nínú òtútù Dublin yẹn? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ọlọ́run tó dá wa sí nínú òjò oṣù mẹ́ta gbáko yóò pa ìwọ náà mọ́, kò ní jẹ́ kí bọ́ọ̀sì gbá ọ. Màlúù funfun bí ìbejì, orúnkún mi náà sì ń sàn díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìgò kékeré tí o fi ránṣẹ́ kí wọ́n lè fi itọ́ bàbá rẹ wádìí ìran rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Bàbá rẹ ní òun kò ní tutọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní kó tutọ́ jàre, ṣebí ojoojúmọ́ ló ń tu ú sójú ọ̀nà lọ́fẹ̀ẹ́. Ó bá fi omi mímọ́ fọ ẹnu kí èsì má baà lábàwọ́n.

Èsì dé sórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. N kò mọ bí itọ́ ṣe gba inú fóònù jáde, mo kàn nù ún dáadáa kí n tó gbé e sétí. Tíṣà Attracta ló bá wa kà á. Ó ní R1b ni wọ́n ń pe ìran bàbá rẹ. Bàbá rẹ ní irọ́ ni, nọ́ńbà katakata òun kọ́ nìyẹn. Tíṣà ní àwọn tó kọ́kọ́ gbé erékùṣù yìí dúdú lára, ẹyinjú wọn ló ní àwọ̀ ojú ọ̀run. Àwọn àgbẹ̀ onírun dúdú tẹ̀ lé wọn láti apá Tọ́kì. Lẹ́yìn náà, bí ẹgbàajì ọdún sẹ́yìn, àwọn kan dé tí ìran wọn ṣẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn darandaran pápá koríko àríwá Òkun Dúdú, àwọn ló bí baba ńlá bàbá rẹ. Mo béèrè pé ìlú wo ló wà níbẹ̀ báyìí. Ó ní apá ibẹ̀ ni Ukraine wà.

Dervla, ṣé o gbọ́? Ukraine tí Ostap rẹ ti wá! Ostap tí bàbá rẹ lé kúrò nídìí oúnjẹ lọ́jọ́ Àjíǹde, tó ní òun kò ní fi ọmọ onílẹ̀ fún àtọ̀húnrìnwá, pé àwa ti wà nínú àbàtà yìí kí Ọlọ́run tó dá òjò. Mo yáa kí bàbá rẹ pé àtọ̀húnrìnwá, ẹ kú àárẹ̀ ìrìn o, ẹ jókòó, ẹ mu tíì, ọ̀nà jìn.

Ó jáde, ó lọ dúró ti ògiri òkúta nínú òjò. Ó pẹ́ níbẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí díẹ̀. Díẹ̀ náà ni o.

Nígbà tó wọlé, ó ní ṣé ọmọkùnrin yẹn ṣì ń bínú. Mo ní kó lọ bi í fúnra rẹ̀. Ó ní òun kò gbọ́ èdè rẹ̀. Mo ní Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ ọlọ́mọ ń sọ, ó tún já geere ju tiwọ lọ. Ó wá ní kí n kọ̀wé pé kí ẹ jọ wá lọ́jọ́ Sátidé, òun fẹ́ tọrọ àforíjì, òun kò sì fẹ́ kí n wà nítòsí nígbà náà. Mo máa wà nítòsí.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra ẹran àgùntàn, ojú á tì mí bí mo bá fún àna mi ní ọ̀dùnkún lásán.

Ọlọ́run tó kó àwọn darandaran dé ibí láìbéèrè fọ́ọ̀mù ìwọ̀lú lọ́wọ́ wọn, òun ni yóò mú ẹ̀yin méjèèjì dé ilé wa láyọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Assumpta.